Bí Ẹ Ṣe Lè Gbé Sèmínà Kalẹ̀ Lórí Ìtàn, Ìṣèlú àti Àṣà Agbègbè Kan

Ẹni tí sèmínà rẹ̀ lórí agbègbè kan dàrú kò sábà jẹ́ ẹni tí kò kàwé. Ó ti kàwé, ó tilẹ̀ ti kà á jù. Á bẹ̀rẹ̀ láti ayé àtijọ́, á ka orúkọ ọba lọ bẹẹrẹ, á dé orí àwọn amúnisìn, á dé orí òmìnira, á wá fi ijó àti ìgbéyàwó kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Alága á máa wo aago. Nígbà tí wọ́n bá ní ta ló ní ìbéèrè, ọ̀jọ̀gbọ́n kan á sọ ìtàn tirẹ̀ tí kò kan pépà náà, àwọn yòókù á máa tẹ fóònù.

Akẹ́kọ̀ọ́ másítà, ẹni tó ń gba oyè ọ̀mọ̀wé àti olùkọ́ tuntun ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Agbègbè Adágún Chad ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ láti òkè délẹ̀, torí pé orílẹ̀-èdè mẹ́rin ló pín etí omi náà, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ìṣèlú rẹ̀ kó má fọwọ́ kan ìtàn rẹ̀, tàbí kó sọ àṣà rẹ̀ kó má fọwọ́ kan ìṣèlú. Ẹ fi agbègbè tiyín rọ́pò rẹ̀ bí ẹ bá ṣe ń kà á lọ.

Ohun tí ẹ nílò

Ẹ kó àwọn nǹkan wọ̀nyí jọ kí ẹ tó kọ ìlà kan:

- Máàpù agbègbè náà méjì: èyí tí ìjọba amúnisìn yà, àti èyí tó wà lóde lónìí. Bí ẹ bá rí ẹ̀kẹta tó dàgbà ju méjèèjì lọ, ẹ mú un.
- Ìwé kan, ó kéré tán, tí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ.
- Ẹnì kan tó gbọ́ ọ̀kan nínú àwọn èdè agbègbè náà dáadáa, tí kò ní bínú tí ẹ bá ń pè é lórí fóònù.
- Ìwé àjákọ tí ẹ ó máa kọ gbogbo iye àti gbogbo ọdún sí, pẹ̀lú ibi tí ẹ ti rí i.
- Ẹni tí yóò kọ́kọ́ fèsì sí pépà yín lọ́jọ́ náà. Ẹ tètè bẹ̀ ẹ́, torí àwọn tó dáńtọ́ kì í ráyè.
- Nǹkan bí oṣù méjì. Ẹni tó ti mọ agbègbè náà tẹ́lẹ̀ lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àmọ́ kò ní rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

N kò fi ẹ̀rọ sílàìdì sí i, torí ó ṣeé ṣe kí ẹ má nílò rẹ̀ rárá.

Ìpele 1: Ẹ fa ààlà sí agbègbè yín

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ orúkọ agbègbè sórí pépà bí ẹni pé gbogbo ayé ti fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tó pin sí. "Agbègbè Adágún Chad" lè jẹ́ gbogbo ilẹ̀ tí àwọn onímọ̀ nípa omi kà mọ́ adágún náà, ìyẹn nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.4 kìlómítà níbùú lóròó, tó nà dé Algeria, Libya àti Sudan. Ó lè jẹ́ ibi tí agbára àwọn ọba Kanem àti Borno, ìjọba àtijọ́ tó wà yí adágún náà ká, dé. Ó sì lè jẹ́ etí omi nìkan, níbi tí Nàìjíríà, Nìjẹ̀r, Chad àti Kamẹrúùnù ti pàdé. Sèmínà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ sọ ọ́ lójú ìwé kìíní, kí ẹ sì sọ ìdí tí ẹ fi mú un.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀ ni orúkọ ìlú. Ní ọdún 1893, Rabih, jagunjagun kan tó ti ilẹ̀ Sudan wá, gba Borno. Ní oṣù kẹrin ọdún 1900, àwọn Faransé pa á nínú ogun Kusseri, ọ̀gágun wọn tó ń jẹ́ Lamy náà sì bógun lọ. Orúkọ Lamy yìí ni wọ́n fi pe ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó síbẹ̀, Fort-Lamy. Ọdún 1973 ló tó di N'Djamena. Bí pépà yín bá wá sọ pé N'Djamena ni orílẹ̀-èdè mẹ́rin ti fọwọ́ sí ìwé tó dá Àjọ Adágún Chad sílẹ̀ lọ́dún 1964, ẹni tó mọ̀ á ti fura sí gbogbo ìyókù kí ẹ tó dé ojú ìwé kejì.

Orúkọ orílẹ̀-èdè tún léwu jùyẹn lọ. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ Jámánì ni Dikwa, ìlú kan ní ilẹ̀ Borno, wà. Lẹ́yìn ogun náà, ó bọ́ sọ́wọ́ Ìlú Ọba lábẹ́ àṣẹ Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè (League of Nations). Ìdìbò tí àwọn ará ibẹ̀ dì ní oṣù kejì ọdún 1961 ló tó mú un wọ Nàìjíríà. Ẹni tó bá kọ "Dikwa ní Nàìjíríà" nígbà tó ń sọ̀rọ̀ ọdún 1910 ti fi máàpù òde òní bo ìtàn mọ́lẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pe ibì kan nígbà náà ni kí ẹ kọ, kí ẹ wá fi orúkọ òde òní tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fi máàpù han ọ̀rẹ́ yín kan tí kò sí ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín. Kó fọwọ́ tọ́ka sí ìlú mẹ́ta láìròtẹ́lẹ̀. Ṣé ẹ lè sọ fún un lójú ẹsẹ̀ bóyá ìlú kọ̀ọ̀kan wà nínú agbègbè yín tàbí kò sí níbẹ̀, àti ìdí? Bí ẹ bá ń ṣe kámi-kàmì, ẹ ò tíì fa ààlà.

Ìpele 2: Ẹ wá ìbéèrè kan tí ẹ̀ka kan ṣoṣo kò lè dáhùn

Ìpele yìí ló ń sọ bí sèmínà ṣe máa rí, tèmi ni pé kí ẹ lo ìdajì àkókò yín níbẹ̀.

"Ìtàn, Ìṣèlú àti Àṣà Agbègbè Adágún Chad" jẹ́ àkòrí ìwé ńlá, ìwé náà á sì nípọn. Sèmínà nílò ìbéèrè tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a lè yanjú rẹ̀ láàárín wákàtí kan, tó sì le débi pé bí ẹ bá yọ ìtàn kúrò nínú rẹ̀, kò ní ṣeé dáhùn. Bí ẹ bá yọ ìṣèlú, bákan náà. Bí ẹ bá yọ àṣà, bákan náà.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ọ̀dá ńlá méjì, ti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 àti ti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, mú kí omi adágún náà fà sẹ́yìn gan-an. Àwọn apẹja àti àgbẹ̀ láti ìhà Nàìjíríà tẹ̀ lé omi náà àti ilẹ̀ ọlọ́ràá tó fi sílẹ̀, wọ́n ń tẹ abúlé dó bí wọ́n ṣe ń lọ. Darak jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nàìjíríà ń pèsè ilé ìwé àti ìtọ́jú ìlera fún wọn. Lọ́dún 1994, Kamẹrúùnù gbé Nàìjíríà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé nílùú Hague. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2002, ìdájọ́ jáde pé ilẹ̀ Kamẹrúùnù ni Darak àtàwọn abúlé tó yí i ká. Bakassi ni gbogbo èèyàn rántí nínú ìdájọ́ yẹn, débi pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí mo bá sọ̀rọ̀ kò mọ̀ pé adágún wà nínú rẹ̀. Ní ìparí ọdún 2003, Nàìjíríà kúrò ní àwọn abúlé ọ̀hún.

Ìbéèrè sèmínà wà níbẹ̀: *kí ló mú kí àwọn ará Darak gbà pé inú Nàìjíríà làwọn wà, nígbà tí ìwé àdéhùn Ìlú Ọba àti Faransé ti ọdún 1931 ti fi ibẹ̀ sí apá Kamẹrúùnù ti Faransé?*

Ẹ dán an wò. Bí a bá yọ ìtàn kúrò, a ò ní mọ bí ìlà náà ṣe dé ibẹ̀, a ò sì ní mọ̀ pé Borno ti ń nasẹ̀ yí adágún náà ká ṣáájú ìlà èyíkéyìí. Bí a bá yọ ìṣèlú, a ò ní mọ ìdí tí ìjọba kan fi ń kọ́ ilé ìwé sórí ilẹ̀ tí ìwé àdéhùn kò fi hàn pé ó jẹ́ tirẹ̀. Bí a bá yọ àṣà, a ò ní mọ̀ pé lójú apẹja, ibi tí omi bá dé ni oko rẹ̀ dé, àti pé ọ̀dọ̀ baálẹ̀ tí wọ́n ń pè ní *bulama* ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, kó tó kan ìjọba kankan.

Ìkìlọ̀: ẹ sá fún ìbéèrè tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ipa wo ni…". Kò sí ohun tí kò ní ipa lórí ohun kan. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ máa ń so èso kan náà: ipa rere mẹ́rin, ipa búburú mẹ́rin, ìmọ̀ràn mẹ́ta fún ìjọba.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ kọ ìdáhùn yín sí gbólóhùn méjì kí ẹ tó tẹ̀ síwájú, bí kò bá tilẹ̀ dá yín lójú. Ẹ fi han alábòójútó yín. Bó bá sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo wa mọ̀", ìbéèrè náà ti rọ̀ jù. Bó bá sọ pé "àbí?", ẹ ti rí i.

Ìpele 3: Ẹ kó ẹ̀rí jọ, kí ẹ sì bi ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan léèrè ẹni tó bí i

Ẹ̀rí lórí agbègbè kan kì í gbé ojú kan. Ní ti Adágún Chad, ìwé ìjọba àtijọ́ fọ́n ká bí orílẹ̀-èdè tó pín in ṣe fọ́n ká. Ti ìjọba Àríwá Nàìjíríà wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Kaduna. Ti Ìlú Ọba wà ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ti Faransé wà ní Aix-en-Provence, ti Jámánì sì wà ní Berlin. Ẹni tó bá ka Kaduna àti Kew nìkan á rò pé Ìlú Ọba nìkan ló fa ìlà. Mo mọ̀ pé owó ọkọ̀ òfúrufú kò sí lọ́wọ́ gbogbo wa. Ẹ wá àwọn ìwé tí àwọn onímọ̀ tó gbọ́ Faransé tàbí èdè Jámánì ti kọ láti inú wọn, kí ẹ sì jẹ́wọ́ nínú pépà pé ọwọ́ kejì lẹ ti gbà á.

Irú ẹ̀rí mẹ́rin ni mo máa ń fẹ́ rí nínú pépà agbègbè.

Àkọ́kọ́ ni ìwé tí àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn kọ. Borno ní i lọ́pọ̀. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Ahmad ibn Furtu kọ ìtàn ogun tí Mai Idris Alooma jà, lédè Lárúbáwá. Iṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ ìmáàmù ọba ni ibn Furtu, ọba tó ń sìn ló sì ń kọ̀wé nípa rẹ̀. Ohun tí àwọn tí ogun náà jà kọlù rò kò sí níbẹ̀. Bákan náà ni lẹ́tà tí al-Kanemi, onímọ̀ ẹ̀sìn tó ń ṣáájú Borno nígbà náà, kọ sí Muhammad Bello, aṣáájú Sókótó, láti bi í léèrè ìdí tí wọ́n fi ń gbógun ti Borno, tó jẹ́ ilẹ̀ Mùsùlùmí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fa ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yìí yọ láìrántí pé inú ìwé tí Bello fúnra rẹ̀ kọ ló ti dé ọwọ́ wa. Ẹni tó ń bá al-Kanemi jiyàn ló tọ́jú ọ̀rọ̀ al-Kanemi fún wa. Ìyẹn kò sọ ọ́ di irọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ sọ ọ́.

Èkejì ni ìwé àwọn àlejò. Denham àti Clapperton dé etí adágún náà lọ́dún 1823, Heinrich Barth sì wọ Kukawa, olú ìlú Borno nígbà náà, lọ́dún 1851. Ọ̀rọ̀ Barth wúlò ju ti ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò lọ torí pé ó kọ́ èdè wọn, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, ìjọba Ìlú Ọba ló ń sanwó ìrìn àjò náà, òwò ló sì ń wá.

Ẹ̀kẹta ni ìwé ẹjọ́. Gbogbo ohun tí Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù kọ sí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé wà lórí ìkànnì ilé ẹjọ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ìwé. Ẹ̀ẹ́ rí máàpù, ẹ̀ẹ́ rí lẹ́tà, ẹ̀ẹ́ rí orúkọ abúlé. Nàìjíríà tilẹ̀ sọ níbẹ̀ pé àwọn èèyàn rẹ̀ ti pẹ́ lórí ilẹ̀ náà, pé ètò àwọn baálẹ̀ ìbílẹ̀ ibẹ̀ so mọ́ tìhà Nàìjíríà, pé ìjọba rẹ̀ ló ń ṣètò ibẹ̀. Àwọn adájọ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n ní ìwé àdéhùn ló lágbára jù, pé Kamẹrúùnù kò sì fìgbà kan yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìkìlọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ agbẹjọ́rò ni láti borí. Ohun tí agbẹjọ́rò kọ jẹ́ ẹ̀rí nípa ohun tí ìjọba fẹ́ kí ayé gbà. Ẹ má sọ ọ́ di ìtàn gbogbo ará ìlú.

Ẹ̀kẹrin ni ohùn àwọn ará ibẹ̀ lónìí: Kanuri, Kotoko, àwọn Lárúbáwá Shuwa, àwọn Buduma tí wọ́n ń pe ara wọn ní Yedina, àtàwọn Haúsá tó wá pẹja. Ìrúkèrúdò Boko Haram, tó gbiná láti ọdún 2009, ti mú kí ọ̀pọ̀ wọn ṣí kúrò, ó sì lè kó bá ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ gba ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúàbí inú ìwádìí ní yunifásítì yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sínú pépà. Ẹ má sì gba ibi tí ìjà wà lọ nítorí sèmínà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iye. Gbogbo ẹni tó bá ti gbọ́ nípa Adágún Chad ló lè kà á lórí pé ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ ti gbẹ. Bí wọ́n ṣe ṣírò ọ̀rọ̀ yẹn ni pé wọ́n fi fẹ̀rẹ̀ẹ́ 25,000 kìlómítà níbùú lóròó tó jẹ́ lọ́dún 1963, nígbà tí òjò pọ̀, wé ohun tó kù láàárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí ọ̀dá le jù, tí kò tó 2,500. Láti àwọn ọdún 1990, omi ti padà díẹ̀, ó sì ń pọ̀, ó ń dín bí àsìkò ṣe ń yí. Nítorí náà, ẹ̀dá tó bá sọ pé adágún náà "ń gbẹ lọ" títí dòní ń fi ọdún méjì pàtó ṣe òfin fún gbogbo ọdún. Iye èyíkéyìí tí kò bá ní ọdún lára, ẹ yọ ọ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* nínú ìwé àjákọ yín, ẹ fa ìlà mẹ́ta sí iwájú gbogbo ẹ̀rí: ta ló sọ ọ́, ìgbà wo ló sọ ọ́, kí ló ń wá. Bí ìlà kẹta bá ṣófo ní ibi púpọ̀, ìwé lẹ kà, ẹ ò tíì ṣèwádìí.

Ìpele 4: Ẹ hun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú kíkọ ni pípín pépà sí yàrá mẹ́ta: "Ìtàn", "Ìṣèlú", "Àṣà". Àṣà ni ó máa ń jìyà nínú ètò bẹ́ẹ̀, torí pé ìparí ni wọ́n ń tì í sí, wọ́n á sì fi ijó, aṣọ àti oúnjẹ kún un. Ẹni tó ń kọ nípa Darak kò nílò ijó. Bí wọ́n ṣe ń pín etídò láàárín apẹja, ẹni tí wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún, èdè tí wọ́n fi ń ná ọjà, ẹni tí ọkọ àtìyàwó ń lọ bá nígbà tí ìjà bá dé: àṣà tó kan ìbéèrè náà nìyẹn.

Ẹ máa fi ìpele ìdáhùn pín pépà. Ti Darak lè lọ báyìí: ìdájọ́ ọdún 2002 àti ohun tí ó ya àwọn ará abúlé lẹ́nu; bí ìlà ṣe dé orí omi, láti àdéhùn ìgbà Jámánì dé ìwé ọdún 1931; bí omi ṣe kúrò lórí ìlà; ta ni wọ́n kà sí aláṣẹ níbi tí omi kúrò; kí nìdí tí ilé ẹjọ́ kò fi lè rí ohun tí wọ́n rí. Ìtàn Kanem láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bí Mai Idris Alooma kò bá ran ìdáhùn yín lọ́wọ́, ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kó gbayì tó. Ó máa ń dunni, mo mọ̀, pàápàá tí ẹ bá ti fi ọ̀sẹ̀ kan kà á.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ mú pẹ́ńsù àwọ̀ mẹ́ta. Ẹ fi ọ̀kan fàlà sí gbólóhùn ìtàn, ọ̀kan sí ti ìṣèlú, ọ̀kan sí ti àṣà. Ojú ìwé tó bá jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo láti òkè délẹ̀ kò tíì hun pọ̀.

Ìpele 5: Ẹ gé e kúrú, kí ẹ sì ṣe abala ìwé kan fún olùgbọ́

Ẹni tó bá ń ka pépà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì máa ń ka nǹkan bí ọ̀rọ̀ 120 sí 130 ní ìṣẹ́jú kan. Ogún ìṣẹ́jú kò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ 2,400 lọ nígbà náà. Pépà tí ẹ ó fi ránṣẹ́ lè gùn jùyẹn lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Èyí tí ẹ ó kà ní gbangba jẹ́ ìwé ọ̀tọ̀. Ẹ má gbìyànjú láti máa "fo ibí yìí" lórí ìdúró. Gbogbo ẹni tó bá ṣe é ló ń fo ibi tó dára jù.

Ẹ wá tẹ abala ìwé kan tí ẹ ó há fáwọn olùgbọ́: máàpù lójú kan, lójú kejì, orúkọ àwọn ìlú (ti àtijọ́ àti ti òde òní), ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà tó ṣe kókó, àti ìpínrọ̀ kan látinú ẹ̀rí tó lágbára jù lọ́wọ́ yín. Ìpínrọ̀ yìí ló ń mú kí ìjíròrò gbóná, torí olùgbọ́ lè tako bí ẹ ṣe kà á. Bí máàpù bá wà lọ́wọ́ kálukú, sílàìdì kò pọn dandan, ìnáwó jẹnẹrétọ̀ sì dín.

Ìpele 6: Ẹ to àwọn èèyàn yín

Pépà gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ fèsì ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ó kéré tán. Ẹ má mú ọ̀rẹ́ tó máa yìn yín, ẹ má sì mú ẹni tí ìjà ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wà láàárín yín. Mo fẹ́ràn ẹni tó mọ agbègbè míì tó ní irú ìṣòro kan náà: ẹni tó mọ odò tó jẹ́ ààlà níbòmíì á béèrè ohun tí àwọn onímọ̀ Borno ti ń gbójú fò.

Ẹ bá alága sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ jọ fẹnu kò sí iye ìṣẹ́jú, àti pé yóò dá ẹni tó bá ń sọ àsọyé dípò ìbéèrè dúró. Alága tó jẹ́ ọmọdé sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà ní ìjókòó kò ní lè ṣe é. Bí ẹ bá lè rí àgbà, ẹ wá àgbà; ọ̀rọ̀ "ẹ jọ̀wọ́ sà, àkókò ti lọ" dùn mọ́ ẹnu ẹni tó tó o sọ.

Tí ọ̀rọ̀ náà bá kan ìjà tó ń lọ lọ́wọ́, tí òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí ọmọ agbègbè náà sì máa wà níbẹ̀, ẹ lè lo òfin Chatham House, tó ti wà láti ọdún 1927: olúkúlùkù lè lo ohun tó gbọ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ ẹni tó sọ ọ́. Alága gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì pa gbogbo ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ pe ẹni tí yóò kọ́kọ́ fèsì. Bó bá lè sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yín kò ti yé e, ó ti kà á. Bó bá ní "ó dára gan-an ni", ẹ tún un fi ránṣẹ́.

Ìpele 7: Lọ́jọ́ náà

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè yín. Kíkí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n níkọ̀ọ̀kan ti jẹ ìṣẹ́jú mẹ́rin ọ̀pọ̀ pépà tó dára. Ẹ fi "ẹ̀yin àgbà wa, mo kí yín o" kí gbogbo wọn pọ̀. Ẹ tọ́ka sí máàpù nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ dárúkọ ìlú. Ẹ dá ohùn dúró lẹ́yìn ìpínrọ̀ ẹ̀rí tí ẹ kà, kí wọ́n ráyè wò ó. Bó bá ku ìṣẹ́jú méjì tí ẹ ò tíì dé ìparí, ẹ fo lọ sórí gbólóhùn méjì tí ẹ kọ ní Ìpele 2, ẹ kà á, kí ẹ jókòó.

Ìpele 8: Ìbéèrè àti èsì

Ẹ ní kí ẹnì kan máa kọ ìbéèrè sílẹ̀ fún yín. Ẹni tó ń dáhùn kì í rántí ohun tí wọ́n bi í.

Irú mẹ́ta ló máa ń dé. Ẹni tó ń sọ àsọyé: ẹ mú ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tó kan yín, ẹ dáhùn ìyẹn nìkan. Ẹni tó ń sọ pé iye yín kò péye: bí ìwé àjákọ bá wà níwájú yín, ẹ ka ọdún àti orísun rẹ̀ fún un. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ gba orúkọ rẹ̀, ẹ ní ẹ máa fi èsì ránṣẹ́.

Ẹ̀kẹta ló ṣòro jù: ọmọ agbègbè náà tí inú ń bí, tó ní "ẹ̀yin ará yunifásítì kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa". Ọ̀pọ̀ olùgbékalẹ̀ máa ń fi ìwé gbèjà ara wọn níbi yìí, yàrá á sì tutù. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni láti bi í léèrè nǹkan pàtó: abúlé wo, ọdún wo, baálẹ̀ wo ló wà níbẹ̀ nígbà náà? Bó bá fẹ́ dáhùn, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀, kí alága fún un ní àyè. Bí kò bá fẹ́ sọ ọ́ ní gbangba, ẹ lọ bá a lẹ́yìn ìpàdé. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ lè mọ ohun tí Kew kò ní. Ṣùgbọ́n ẹ má yí ìdáhùn yín padà lójú ẹsẹ̀ nítorí ìtìjú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà jẹ́ ẹ̀rí, ó sì yẹ kó gba inú ìlà mẹ́ta ti Ìpele 3 kọjá.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* bí àwọn olùgbọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara wọn lóhùn láìtipasẹ̀ yín, sèmínà náà ti dá dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ dákẹ́, kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìpele 9: Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí i

Ẹ ka àkọsílẹ̀ ìbéèrè náà lọ́jọ́ kejì, kí ó tó ṣá. Ẹ pín in sí méjì: èyí tó fi hàn pé ẹ ò ṣàlàyé dáadáa, àti èyí tó fi hàn pé ẹ̀rí yín kò tó. Ti àkọ́kọ́ ò ju àtúnkọ lọ. Ti kejì lè mú yín padà sí Kaduna. Ẹ fi èsì ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí ẹ ṣèlérí fún, kí ẹ sì fi ẹ̀dà tuntun han ẹni tó kọ́kọ́ fèsì kí ẹ tó fi pépà náà ránṣẹ́ sí jọ́nà kankan.